Èjìká Ni Ẹ̀wá

Thursday, ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, 1987. Calumet City.

Mo sunkún ní kíláàsì lónìí. Ojú tì mí gan-an.

Obìnrin kan wá láti Papua New Guinea láti fi bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan lábúlé wọn hàn wá. Ara ni wọ́n fi ń kà á. Ibi kọ̀ọ̀kan lára ló ní iye tirẹ̀. Ó ní kí n dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò mi, ó gba àwọn ìka yòókù, ọrùn ọwọ́, iwájú apá, ìgúnpá, òkè apá, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

Ó dé èjìká, ó ní, "Èyí ni ẹ̀wá." Omi bọ́ lójú mi.

"Ṣé mo ṣe ẹ́ léṣe ni?"

"Rárá, mà. Òtútù ni."

Òtútù kọ́. Èjìká yẹn ni Kúdí, ọmọ mi, sùn lé ní airport lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé, kí ìyá mi tó gbà á lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí nílùú òyìnbó níbí, àfi obìnrin yìí lónìí. Wọ́n á ní "hi", wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá.

Ìrẹsì mi ti ń jó nídìí. Kó máa jó.

Wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Bí mo ṣe kírun tán, mo ní kí n fọwọ́ ara mi kà á dé imú, kí n sì sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì, bí obìnrin náà ṣe ní òun fẹ́ ṣe é kí n tó sunkún.

Mo dé ẹ̀wá, mi ò lè kọjá.