Obìnrin Tó Ń Wẹ Ọmọ Ọlọ́mọ

Ilé Kejìlá, Raji Rasaki Estate,
Amúwò-Ọ̀dọ̀fin,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2006.

Tẹjúmádé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ilé? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti lọ? Kí màmá rẹ fún mi, kí o sì bá mi bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́. Èmi àti Níyìọlá wà láàyè, a dúpẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń kún bí ẹni pé ó tọ́jú búrẹ́dì pamọ́ síbẹ̀.

O bi mí lórí fóònù ohun tó ṣe ohùn mi. Mi ò lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ògiri ilé wa fẹ́lẹ́, Ìyá Afeez tí a jọ pín ògiri sì lè gbọ́ ìrìn èèrà. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

O mọ̀ pé màmá mi ò lè wá bá mi tọ́jú ọmọ nítorí orúnkún wọn. Ìyá ọkọ mi náà, ṣọ́ọ̀bù wọn ní Oǹdó ò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Wọ́n ní ọjọ́ ìkómọ ni àwọn máa yọjú. Ìgbà tí mo ti ọsibítù dé, ẹ̀rù omi ń bà mí. Bí mo bá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ báyìí, á máa yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Àfi bí ẹnì kan ṣe kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan: Àǹtí Juliana, aránṣọ kan ní Festac tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àwọn wá bá mi wẹ ọmọ. Mi ò ránṣẹ́ pè wọ́n o. Ká kíra wa lẹ́yìn ìsìn, ó parí síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá ní àràárọ̀. Wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á wẹ ọmọ, wọ́n á fi òrí ra á lára, wọ́n á na apá rẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á tún fọ ìlédìí. Mo fún wọn lówó ọkọ̀, wọ́n kọ̀. Mo bu oúnjẹ, wọ́n ní inú àwọn yó. Wọn ò sì bímọ, Tẹjú. Wọ́n ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún.

Pásítọ̀ wa ti wàásù títí lórí ìfẹ́ tí kò retí èrè, mo sì ti ṣe àmín sí i débi tí ọ̀fun fi gbẹ mí. Ṣùgbọ́n kí ìfẹ́ náà wá kan ilẹ̀kùn mi, kí ó gbé ọmọ mi lé ẹsẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ní Èkó yìí kẹ̀? Ìyá Afeez tún wá koná mọ́ ọn. Ó ní, "Ìyá Níyì, ẹni tí kì í jẹ nǹkan ẹ, kí ló ń jẹ? La ojú ẹ o!" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Bí wọ́n bá rọra gbàdúrà, etí mi á nà: orúkọ ta ni wọ́n ń pè?

Ọjọ́ tó ṣáájú ìkómọ ni ìwọ́ ọmọ já. Àǹtí Juliana fi òwú wé e, wọ́n gbé e sójú fèrèsé balùwẹ̀. O mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa: kí á sọ ọ́ nù, nítorí ìbọ̀rìṣà ni kí á máa rì í mọ́ ìdí igi. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò ìkómọ lọ tán, tí ìyá ọkọ mi ti wọ mọ́tò padà sí Oǹdó, mo yọ́ lọ mú un. Kò sí níbẹ̀. Ta ni kò mọ ohun tí ọ̀tá lè fi ìwọ́ ọmọ ṣe?

Bí Àǹtí Juliana ṣe dé láàárọ̀, mo bi wọ́n. Wọ́n ní bóyá atẹ́gùn ló gbé e.

Mo ní, "Atẹ́gùn ni àbí ọwọ́ èèyàn?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n rọra tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n mú báàgì wọn. "Má gbàgbé láti nu abẹ́ ọrùn rẹ̀ gbẹ dáadáa." Mo ní kí wọ́n má wá mọ́. Wọn ò wá mọ́.

Aṣọ tútù ni mo fi ń nu ọmọ lára, títí ooru fi sú sí i lára. Dádì Níyì rí i, wọ́n ní, "Àǹtí Juliana dà?" Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí bí ọmọ iléèwé.

"Èmi ni mo mú un. Mo fún màmá mi kí wọ́n bá mi rì í mọ́lẹ̀ nílé."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbọ̀rìṣà ni?"

"Ìwọ náà, kí lo ń wá a fún?"

Mo dìde, mo wá ọ̀já ọmọ.

Mo pọn ọmọ, mo lọ bá Àǹtí Juliana ní Festac, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde jàre, o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ." Ojú ń tì mí, síbẹ̀ àyà mi ò tíì balẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń wá nínú gbogbo ẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá ní mi ò wá nǹkan kan, ṣé wàá gbà?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"O ṣeun tí o ò purọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọmọ ni mò ń wá. Mo ní bí mo bá ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ, Ọlọ́run á fún mi ní tèmi. Mo wẹ̀ wọ́n títí, kò fún mi. Ọjọ́ tí dókítà ní kí n má retí mọ́, mo jókòó sílé, inú ń bí mi sí Ọlọ́run. Ni ọmọ tuntun kan bá ń ké lókè ilé wa, ìyá rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo gòkè lọ. Ẹ̀bùnlọlá, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èyí tó ṣáájú, òwò ni mò ń bá Ọlọ́run ṣe."

Wọ́n wẹ Níyìọlá fún mi níbẹ̀, wọ́n jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́ náà. Wọ́n wá ní ọmọbìnrin kan wà ní Mazamaza tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí kò ní ẹnì kankan. Ọwọ́ àwọn ò tó o, ṣé mo lè lọ? Ọkàn mi ní, ẹ ò rí i, iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe! Mo ṣáà lọ láàárọ̀ yìí.

Mọ̀nsúrát ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Awakọ̀ tírélà tó ti gba òkè Ọya lọ ni ọkọ rẹ̀. Ó gbá ọmọ mọ́ àyà.

"Àǹtí, ṣọ́ọ̀ṣì wo ló rán yín? Mùsùlùmí ni mí o. Ẹ má fi omi gbígbóná sọ mí di kìrìsìtẹ́nì."

Mo ní kò sí ẹni tó rán mi.

"Kí lẹ wá fẹ́?"

Tẹjú, mo ká apá aṣọ mi sókè. Mo kàn ní, "Dúró tì mí. Bí ọwọ́ mi ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, gba ọmọ ẹ." Ó dúró, kò mójú kúrò. Nígbà tí mo parí, ó tú aṣọ ọmọ náà, ó yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, níṣojú mi. Ó dùn mí bí ìfọ́tí. Mo dúró kí ó yẹ̀ ẹ́ wò tán.

Mo ń jáde lọ, ó ní, "Ṣé ẹ máa wá lọ́la?" Bóyá ó fẹ́ kí n wá ni, bóyá kí ó lè tètè ti ilẹ̀kùn ni, mi ò mọ̀. Mo ní màá wá.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́rẹ̀kẹ́. Dádì Níyì ní kí n kí ọ.

Tìrẹ ni mí, bí ẹ̀rù àárọ̀ ọ̀la tilẹ̀ ń bà mí,

Ẹ̀bùnlọlá.