Fídíò Kan Ṣoṣo Tó Kù Fún Mi

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́ Aránṣọ.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwa náà ń mí. Àwọn ọmọ ń jẹun, wọ́n ń sùn. Èmi ni bẹ́ẹ̀dì fẹ̀ jù fún. O ṣeun tó o pè mí nígbà tí ọkọ mi kú. Mi ò lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ni.

O ti kúrò níbi iṣẹ́ kí wọ́n tó kọ́ kámẹ́rà sí òkè orí wa. O mọ ọkọ mi, Aláwàdà rẹ. Níbẹ̀rẹ̀, àràárọ̀ ló ń kí kámẹ́rà náà: “Àǹtí Olójú-kan, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ tiẹ̀ sùn?” Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n kàn máa ń sọ láàárọ̀ pé ẹnì kan ṣe ohun kan lánàá tó dun àwọn, pé àwọn ò ní dárúkọ onítọ̀hún, ó mọ ara rẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Kálukú á wá máa ro ohun tí òun ṣe. Nígbà tó yá, àwa fúnra wa là ń pa ara wa lẹ́nu mọ́. Orin tí a fi ń ránṣọ tán. Aláwàdà náà dákẹ́, títí délé, títí dórí oúnjẹ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo rí i pé mi ò ní fídíò rẹ̀ kankan. Mo lọ bẹ ọ̀gá pé láti ọdún tí kámẹ́rà wọn ti ń wò ó, kí wọ́n fún mi ní díẹ̀. Àánú mi ṣe wọ́n gan-an. Wọ́n ní ibi téèyàn bá ti ṣe dáadáa, pípa ni àwọn ń pa á rẹ́. Ibi tó ti ṣẹ̀ nìkan ni àwọn ń tọ́jú. Ẹyọ kan péré ni ti ọkọ mi.

Ó wà lórí fóònù mi báyìí. Nínú rẹ̀, ọkọ mi dìde nídìí maṣíìnì, ó so àjákù aṣọ mọ́ ìdí, ó ń jó bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ń rẹ́rìn-ín. Lójijì ó gbójú sókè, ó rí Àǹtí Olójú-kan, ẹ̀rù sì bo ojú rẹ̀. Ó tú aṣọ náà, ó padà lọ jókòó. Ibẹ̀ ló parí sí.

Mo ti wò ó títí. Ti àná ló dùn mí jù. Bó ṣe dìde láti jó, kí inú mi tó dùn rárá, ohùn ara mi ni mo gbọ́ nínú yàrá tí èmi nìkan wà:

“Jókòó, olówó orí mi. Wọ́n ń wò ẹ́.”

Bá mi kí Màmá àtàwọn ọmọ. Bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ rín tèmi mọ́ ọn.

                                        Èmi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan,
                                        Ìyàwó Aláwàdà.