Mọ́tò Tí Yóò Dé Ibi Àpáta Méjì

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá.

Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ibi tí o ń sùn kò tutù jù, ṣé o rí ẹni bá ọ gé irun tó máa ń bo etí rẹ? Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ ṣáájú èyí, n kò rí èsì kankan, ṣùgbọ́n n kò lè tìtorí ìyẹn má kí ọ. Ìyá wa wà. Orúnkún rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbádùn, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun la sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí. Àwọn ọmọ wà. Àkọ́bí wa ti ga jù mí lọ, bàtà igbó bàbá rẹ̀ ló ń wọ̀ káàkiri àgbàlá, ó ní ó kù díẹ̀ kó bá òun mu. Ajá náà wà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ṣì ń sùn sí, níbi tí ìwọ àti bàbá wọn máa ń bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ sí.

Èmi náà wà, ṣùgbọ́n ara mi kò gba ìjókòó. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ nínú ìwé yìí, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Mo lọ wo ìkòkò lórí iná, kò sí ìkòkò lórí iná. Mo lọ ti fèrèsé, mo tún padà lọ ṣí i. Aṣọ oníbàárà mẹ́rin wà lórí tábìlì mi tí mo ti gé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí n kò tíì rán, èmi tí ẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń parí aṣọ kí ẹni tó ni ín tó mọ irú èyí tó fẹ́.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló fà á. Mọ́tò tí a ń lò ti kú pátápátá láti oṣù keje. O mọ bí ọ̀nà wa ṣe máa ń rí bí òjò bá ti rọ̀, láti ẹnu géètì títí dé ojú ọ̀dà. Ìyá kò lè rìn ín, àwọn ọmọ méjì kéékèèké ń dé ilé-ìwé pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé ìbàdí. Àkọ́bí wa sì ti sọ fún mi, kò tilẹ̀ bẹ̀ mí, pé òun fẹ́ máa lọ sígbó ọdẹ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta bí bàbá òun ti ń lọ. Mọ́tò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rà fún gbogbo rẹ̀: igbó, ilé ìwòsàn, ilé-ìwé.

N kò lè dárúkọ mọ́tò sí ọ kí n máa ṣe bí ẹni pé n kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n rẹ, fẹ́ ra jíìpù gíga, ìwọ ní kó ra èyí tó sún mọ́lẹ̀, tí kì í mu epo púpọ̀. Tìrẹ ló borí. Lọ́dún tó kọjá tó ṣubú lórí òkúta nínú igbó tí itan rẹ̀ kán, mọ́tò náà ló rì sínú ẹrẹ̀ odò nígbà tí o fẹ́ fi lọ gbé e. O dúró láàárín gbogbo ẹbí, o ní, "Èmi ni mo pa á. Ká ní jíìpù gíga nì la rà ni, ì bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀." Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú, o di ẹrù rẹ, o lọ.

Nítorí náà nígbà tí mo fi tépù ìránṣọ mi kọ́rùn tí mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò, gbogbo èèyàn rò pé mo mọ ohun tí mo ń wá. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo ti ní kí Ìyá gbé ẹsẹ̀ sókè lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, mo wọ̀n ọ́n: íǹṣì mọ́kànlá, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọn gígùn ajá láti imú dé ìdí ìrù. Mo wọn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ láti ìdí dé orúnkún. Ẹni tó ń ta mọ́tò wò mí títí, ó béèrè bóyá mo fẹ́ rán ẹ̀wù fún un ni.

Jíìpù gíga ni mo kọ́kọ́ wò, ẹ̀yà èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́. Olùtajà náà ní bí mo bá ní kó gun igi, yóò gun igi. Mo sọ fún un pé kò sí ohun tí mo fẹ́ lọ mú lórí igi. Ẹnu ibi tí a ń gbẹ́sẹ̀ lé wọ inú rẹ̀ ga tó íǹṣì mẹ́tàlélógún. Èmi fa Ìyá láti òkè, Onítáwẹ́lì tì í láti ìsàlẹ̀. O rántí Onítáwẹ́lì, mẹkáníìkì tó máa ń fi táwẹ́lì kọ́rùn ní òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Òun ló ń bá mi yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Nígbà tí Ìyá jókòó tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣé mọ́tò nìyí àbí òkè àjà?" Nígbà tó tó kó sọ̀kalẹ̀, ó kọ̀. Ó ní ìyà tó jẹ òun kí òun tó débẹ̀ pọ̀ ju kí òun sọ̀kalẹ̀ kíákíá lọ, kí a lọ gbé oúnjẹ òun wá. Ìdajì wákàtí ló fi jókòó síbẹ̀ tó ń kí àwọn tó wá ra mọ́tò, bí ẹni pé òun ló ni ilé iṣẹ́ náà. Ẹ̀rín pa mí, Agùntáṣọọ́lò. N kò mọ ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wo èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, irú èyí tí àwọn ọdẹ fẹ́ràn. Àyè ajá wà, àyè ẹran wà, ṣùgbọ́n àga ẹ̀yìn rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún àkọ́bí wa fi kan àgbọ̀n rẹ̀. Mo wo ẹ̀kẹta, mo wo ẹ̀kẹrin, mo wo títí ó fi di méje. Mo ń jí ní ìdájí láti lọ wò wọ́n, n kò sì lè ra ọ̀kankan. Ọjọ́ tí mo kọ ìkeje sílẹ̀ ni Onítáwẹ́lì bọ́ táwẹ́lì kúrò lọ́rùn tó fi nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ó ní, "Ìyàwó Káfíńtà, èyí tó bá Ìyá lára mu, ẹ ní kò lè kọjá odò. Èyí tó lè kọjá odò, ẹ ní kò yá tó. Ẹni tẹ́ ẹ ń wá mọ́tò fún yìí ò sí nílé mọ́."

Mo bínú sí i fún ọjọ́ méjì gbáko. Òótọ́ ló sọ. Gbogbo mọ́tò tí mo bá jókòó sí, ìbéèrè kan ni mo ń bi í nínú ọkàn mi: ṣé ìwọ ì bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ, òun ló sì ń lé mi kiri inú ilé. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí a ra mọ́tò, ẹ̀gbọ́n rẹ ti yí ọkàn padà kúrò lórí èyí tí o sọ. Jíìpù gíga ló fẹ́ lọ san owó rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo rò. Mo ní n kò lè máa fi ìró gun àkàbà kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù mi, kó ra èyí tí àbúrò rẹ̀ sọ. Bí a ṣe rà á nìyẹn. Ọjọ́ tí o dúró láàárín ẹbí tí o gbé ẹ̀bi náà lé orí ara rẹ, mo wà níbẹ̀, mo sì dákẹ́. Mo jẹ́ kí o gbé e lọ. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi jẹ́ kí o dá a gbé. Dárí jì mí.

Ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù yìí, Onítáwẹ́lì dúró fún mi lọ́dọ̀ ẹni tó ni jíìpù gíga náà, ó sì fi í gbé èmi àti àkọ́bí wa lọ sí ọ̀nà igbó yín. Mo fẹ́ mọ̀. Bó ti wù kó rí, mo fẹ́ mọ̀. Nígbà tí a dé odò, mo di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú. Ẹrẹ̀ náà wà bó ti wà lọ́dún tó kọjá. Jíìpù náà kọjá. Kò tilẹ̀ lọ́ra, bí ẹni tó ń ti yàrá bọ́ sí pálọ̀ ló ṣe kọjá. Mo rò ó pé òótọ́ ni o sọ, àti pé èmi ni ẹ̀bi náà tọ́ sí, kì í ṣe ìwọ. Mo ní kí Onítáwẹ́lì dá mi padà sílé. Àkọ́bí wa ló kọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Màámi, a ò tíì débẹ̀."

A tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn tí a gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn odò, a dé ibi àpáta méjì tó kọjú síra wọn, ibi tí ọ̀nà gbà láàárín wọn. Jíìpù náà dúró. Onítáwẹ́lì pa ẹ́ńjìnnì. Mo sọ̀kalẹ̀, mo bọ́ tépù lọ́rùn, àkọ́bí wa di etí kan mú, mo di èkejì. Íǹṣì mọ́kànléláàádọ́ta. Mo wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, mo wọ̀n ọ́n níbi tó dé àyà mi, mo tún ní kí Onítáwẹ́lì wá wọ̀n ọ́n. Bákan náà ni. Tépù mi jẹ́ ọgọ́ta íǹṣì, o mọ̀ ọ́n. Nínú mọ́tò méje tí mo wò, èyí tó tín-ín-rín jù lọ jẹ́ íǹṣì márùndínláàádọ́rin. Kò sí ọ̀kan tí n kò fi tépù lé ní ìgbà méjì kí n tó rí ìbú rẹ̀. Níbi àpáta yẹn, tépù ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Alùpùpù ì bá kọjá, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ẹni tí itan rẹ̀ kán jókòó sórí alùpùpù?

A fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ibi tó ṣubú sí. Àkọ́bí wa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rin, gbogbo rẹ̀ òkúta. Èmi tí n kò gbé nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró mí. Ìwọ gbé ẹ̀gbọ́n rẹ pọ̀n sẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí o sọ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ilé tó kún. O jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ. O ní ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn rẹ mú, o ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí ọ̀tún. O ní ọwọ́ náà tú, èémí náà dákẹ́, kí o tó fojú kan àpáta méjì náà. O tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbẹ̀, o ń pè é, o sì sáré lọ gbé mọ́tò nítorí o kò gbà. Láti ọjọ́ kejì ni o ti ń sọ ti mọ́tò nìkan, o kò sọ ti ọwọ́ mọ́. Èmi náà gbàgbé, tàbí mo jẹ́ kí n gbàgbé.

Ọkọ mi, bí jíìpù tó dára jù láyé bá dúró lẹ́nu àpáta yẹn lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ àti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ̀gbọ́n rẹ kò ní dé ibẹ̀ láàyè. Ìwọ kọ́. Èmi kọ́. Ẹ̀yìn rẹ nìkan ni ohun tó lè dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì dé ibẹ̀.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e ni mo ra mọ́tò. Kì í ṣe jíìpù gíga. Ìkarùn-ún tí mo ti kọ̀ ni mo padà lọ rà, wọ́n ti lò ó díẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń fà, ikùn rẹ̀ sì fi íǹṣì mẹ́sàn-án ga sí ilẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ga díẹ̀ fún Ìyá, íǹṣì méjìdínlógún, ṣùgbọ́n àpótí ìjókòó kékeré tí ẹ̀gbọ́n rẹ kàn fún un jẹ́ íǹṣì mẹ́jọ. Bó bá gun ìyẹn ṣáájú, ó di mẹ́wàá. Ó ń gun ún fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Èmi ni mo ń wà á. N kò tíì mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn dáadáa, géètì lè jẹ́rìí sí i. Èèyàn méje ló ń gbà, ajá ti gba ọ̀kan, ọ̀kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá. Àkọ́bí wa ní òun ò bá ẹlòmíràn lọ sígbó bí kì í bá ṣe ìwọ, bí òun yóò tilẹ̀ dúró títí bàtà yẹn yóò fi fún òun lẹ́sẹ̀.

Bá mi kí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá àti ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́. Onítáwẹ́lì kí ọ. Àwọn ọmọ kéékèèké ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ti yọ eyín, àwọn méjèèjì. Ìyá ní bí o bá tún pẹ́ sí i, òun yóò gun jíìpù wá bá ọ, òun kò sì ní sọ̀kalẹ̀.

Okùn funfun kan wà nínú àpò ìwé yìí pẹ̀lú lẹ́tà. Má sọ ọ́ nù. Íǹṣì mọ́kànléláàádọ́ta ni mo gé e sí, bí àlàfo àpáta náà ṣe fẹ̀ tó gẹ́lẹ́. Mú un lọ síta, kí o fi wọn ìbú mọ́tò yòówù tí o bá rí lójú pópó níbẹ̀. Bí o bá rí ọ̀kan tí okùn náà ká, tí ẹni tí itan rẹ̀ kán sì lè dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, dúró síbi tí o wà. Bí o kò bá rí i, máa bọ̀ nílé.

Èmi ni, ìyàwó yín tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà, tí o sọ lórúkọ nígbà tí o ṣì kéré,

Abẹ́rẹ́-ò-sinmi.