Tàdáà Ìyeyè Tó Ń Rùn Bí Ááyù

Bàbá mi, Àlùfáà Àdìsá ní Ọ̀fà, mo kí yín láti Kánò. Ara mi le. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń bá mi kọ ìwé yìí, torí mo ń sinmi ọwọ́.

Dókítà òyìnbó kan wá wo Àlùkùráánì tí èmi àti olùkọ́ mi, Málàmù Gàmbo, ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ha díẹ̀ lára tàdáà ìyeyè etí ìwé náà, ó yan án nínú ìgò. Èéfín rẹ̀ ń rùn bí ááyù.

Ó bi mí pé, “Ṣé ẹ máa ń lá gègé yín?”

Mo ní, “Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn.”

Ó yẹ àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti dúdú wò. Ó ní, “Májèlé ni.”

Málàmù Gàmbo kò gbọ́ ọ. A ti sin wọ́n kí dókítà náà tó dé.

Bàbá, ọwọ́ oníṣòwò kan náà tó ta tàdáà yìí fún wa lẹ ti ra tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ má fi kọ hàntú sórí wàláà tí aláìsàn ń fọ̀ mu mọ́. Ẹ kọ ọ́ sí mi pé inú rírun Ràfátù àbúrò mi ń le sí i láti ìgbà tó ti ń mu hàntú. Àwọ̀ wo lẹ fi kọ ọ́?

Ẹ bá mi kí Ìyá. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń jẹun dáadáa.

Sànúsí, ọmọ yín.