Ìbejì Tí Mo Sọ Di Ẹnì Kan

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìkòròdú

Ẹkún ìyá yẹn ṣì wà létí mi.

Láti oṣù tó kọjá ni ọ̀gá ti ń pariwo pé ibi tí a ń kó orúkọ àwọn oníbàárà sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti kún. "Orúkọ tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, pa á pọ̀!" Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló ń tọ́ka sí wọn. Ó ti sú mi, mo kàn ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Bí mo ṣe pa Táíwò pọ̀ mọ́ Kẹ́hìndé nìyẹn, àwọn ìbejì Lásunwọ̀n tó ń ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ wa. Orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, nọ́ńbà fóònù ìyá wọn kan náà. Táíwò ti kú lọ́dún tó kọjá, a sì ti kọ ọ́ síbẹ̀. Ni kọ̀ǹpútà bá gbé ikú yẹn lé Kẹ́hìndé lórí, ó fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí ìyá wọn.

Ìyá sáré dé èbúté Ìpákòdó láìwé gèlè. Ó bá Kẹ́hìndé níbi tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ó fà á lọ́wọ́ tẹkúntẹkún wá sí ọ́fíìsì wa. Kò jọ̀wọ́ ẹ̀.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Olórí burúkú. "Màmá, ẹ dúpẹ́, ó ṣáà wà láàyè." Ó yíjú sí mi: "Ààyè tó ṣí ńkọ́, ó pọ̀?"

Ìyá ò tiẹ̀ wò ó. Káàdì orúkọ tó wà láyà mi ló ń kà.

"Ìdòwú. Àwọn ta lo tẹ̀lé wá sáyé?"

Mo fọwọ́ bo káàdì náà.

Kẹ́hìndé tiwa, ẹ̀gbọ́n mi, pè láti Ẹ̀pẹ́ nírọ̀lẹ́ yìí. Fóònù dún títí. Mi ò gbé e.