Ọ̀pá Gígùn tí Ìyá Ráfíù Yàn

Niamey, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Mo ṣiṣẹ́ lónìí, èjìká ò dùn mí. Lẹ́yìn Ọlọ́run, ìyàwó mi ni mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwa méjèèjì la jọ lọ ra ọ̀pá láàárọ̀, èyí tí n ó fi máa nu gíláàsì ilé gíga kan ní àdúgbò Kirkissoye. Ọ̀pá onírin àtijọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí lápá, bí èjìká yìí bá sì kọṣẹ́, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún. Bí a ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, èyí tó fúyẹ́ jù ni mo gbé. Inú mi dùn.

"Bàbá Ráfíù, ẹ dúró ná." Ìyàwó mi fa ọ̀pá náà, tó ṣeé fà gùn, yọ tán, ó rẹ búrọ́ọ̀ṣì sómi, ó fi í sórí ẹ̀, ó nà án sókè. Ọ̀pá tẹ̀ wálẹ̀ bí ọ̀pá ìwọ̀ tí ẹja ńlá ń fà. Omi dà sórí ọlọ́jà, ó fi láwàní ẹ̀ nujú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"L'Ógbómọ̀ṣọ́ wa, ta ló ń dán ọ̀pá tí a fi ń ká máńgòrò wò lófìfo?" ni ìyàwó mi wí.

Èkejì tó dán wò wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀. Òun la rà. Gbogbo eruku ara gíláàsì yẹn ni mo nù kúrò lọ́sàn-án.

Nígbà tí mo délé ní Talladjé, mo gbé e ti ògiri, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ìyàwó mi wà lábẹ́ igi máńgòrò àgbàlá pẹ̀lú ọ̀pá mi, abọ́ ọwọ́ ẹ̀ sì ti kún fún máńgòrò.

Ó ní òun ṣì ń dán an wò ni.