Dùùrù Bọ̀wálé

Ọjọ́ Ìsinmi, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà 1918
Bọ̀wálé ọmọ mi tẹ dùùrù lónìí, lójú gbogbo ìjọ. Orin ìkẹyìn nìkan ni Baba Dùùrù — Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah, tó ń kọ́ ọ — gbà fún un. Ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tó ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú dùùrù, etí àga ló jókòó lé. Ìyàwó Katikíìsì bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ọ̀sán kò wọ ọ̀fun mi. Kí bàbá àwọn ọmọ mi tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè lókè Ọya wá wo ọmọ tí mo fi abẹ́rẹ́ tọ́.

Ọjọ́rú, 25
Ọmọ yìí kì í sinmi. Tó bá jẹun tán, orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ló ń tẹ̀, ìka ń lọ, kò sí ohùn. Clara, àbúrò rẹ̀, wọ abẹ́ tábìlì, ó ní òun ni ẹsẹ̀ dùùrù, ó ń fẹnu fẹ́ fùù, fùù. Mo ní kí wọ́n má da ìgékù aṣọ mi rú. Ẹ̀rín ló ń pa mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Òkítóbà
Àrùn tó bá ọkọ̀ ojú irin gòkè láti Èkó ti dé Ìdí Arère. Lùkúlùkú ni wọ́n ń pè é. Ikọ́, ibà, ẹ̀jẹ̀ nímú, ó parí. Akéde ké e ní Ọjà'ba pé kí èèyàn má ṣe kóra jọ.

Ọjọ́rú, 9
Baba Dùùrù kú. Bọ̀wálé ló tẹ dùùrù sin ín. Kò sunkún títí ó fi tẹ̀ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá pè é báyìí. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì pa fún ìsìn, àmọ́ ti òkú kò ṣeé tì. Láàrin àwa onígbàgbọ́ ìhín, òkú tí a kò fi dùùrù sin, wọ́n á ní ńṣe ni ẹbí rẹ̀ lọ gbé e sọnù. Kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi: Ìyá Onídùùrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa lọ́mọ yín. Ìyá Onídùùrù. Orúkọ yẹn dùn létí mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 14
Ràbíátù aláró, ará ilé kejì, kò wọlé, ìta ló dúró sí. Lánàá ló sin ìyálé rẹ̀. Tiwọn kì í pẹ́ — wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín. Ó ní, Ìyá Bọ̀wálé, ẹ má bínú o, òkú ò gbọ́ dùùrù. Ẹ fi ọmọ yín sílé. Orí ẹní kan náà ni Bọ̀wálé àti Clara jọ ń sùn.

Mo ní kó lọ máa wo ti ilé rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin èèyàn ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún. Nígbà tó lọ tán, ojú tì mí. Bọ̀wálé sì lọ tẹ dùùrù fún òkú kan láti Bẹẹrẹ lọ́sàn-án.

Ọjọ́bọ̀, 17
Ó ní ó ń rẹ òun. Ó ní, Màmá, ṣé mi ò lè sinmi lónìí? Ìdílé ńlá kan láti Màpó ló ń dúró. Mo fún un lẹ́kọ gbígbóná, mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, kò gbóná. Mo ní kó lọ tẹ ẹyọ orin kan péré. Èmi náà tẹ̀ lé e, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́ débi pé àwọn ọkùnrin bú sẹ́kún. Ó ń wúkọ́ bọ̀ wá sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19
Ibà. Bọ̀wálé. Mi ò ránṣọ.

Ọjọ́ Ajé, 21
Bọ̀wálé jókòó, ó mu ẹ̀kọ. Ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ara Clara ń gbóná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22
Èémí Clara ń dún. Ràbíátù gbé àgbo dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé e kalẹ̀, ó yí padà. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́rú, 23
Clara kú.

Ọjọ́bọ̀, 24
Katikíìsì ní a lè sin ín láìsí dùùrù, pé ara Bọ̀wálé ò tíì le, pé Ọlọ́run kò ní bínú. Bọ̀wálé ní òun á tẹ̀ ẹ́. Mi ò dá a dúró. Mi ò ní puró níhìn-ín: mo fẹ́ kó tẹ̀ ẹ́.

Pósí náà kéré. Káfíńtà kò ráyè fá a dán. Mo jókòó tì í, mo ń gbọ́ bí ọwọ́ òsì ọmọ mi ṣe ń bá ọwọ́ ọ̀tún lọ. Kò ṣì í níbì kankan. Mo ń sọ nínú ara mi pé Baba Dùùrù gan-an kò tẹ̀ ẹ́ báyìí rí. Inú mi dùn. Clara wà nínú pósí, inú mi dùn.

Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, kò wo pósí. Èmi ló yíjú wò, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn gbogbo òkú, kí n mi orí sí i pé ó dára.

Mo mi orí.